Asofẹ́yẹjẹ

Asofẹ́yẹjẹ jẹ́ igi kékeré tí ó ń hù ní àwọn ilẹ̀ olóoru Áfíríkà. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń lo gbòǹgbò rẹ̀ fún ẹni tí kò rí oorun sùn, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ àti ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ni Rauvolfia vomitoria, ó sì wà nínú ẹbí ewéko Apocynaceae. Inú gbòǹgbò rẹ̀ ni èròjà tí à ń pè ní reserpine wà, èyí tí àwọn dókítà lò káàkiri àgbáyé ní àwọn ọdún 1950 fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọpọlọ. Agbára tí igi yìí ní láti mú ara rọ̀ àti láti mú oorun wá ti fìdí múlẹ̀ nínú ìṣègùn ìbílẹ̀ àti nínú ti ìgbàlódé. Agbára kan náà yìí ni ó mú kí ó léwu fún ẹni tí ó bá ń lò ó láìmọ ìwọ̀n rẹ̀, tàbí láìní ẹni tí ń ṣọ́ ọ.

Orúkọ

Gbólóhùn kan tí a sọ di ọ̀rọ̀ ni orúkọ Yorùbá igi yìí: «a-so-fún-ẹyẹ-jẹ», èyí ni pé igi tí ń so èso kí ẹyẹ lè rí jẹ. Èso rẹ̀ wẹ́wẹ́, tí ó máa ń pupa nígbà tí ó bá pọ́n, ni ó fa orúkọ náà. Rauvolfia wá láti ara orúkọ Leonhard Rauwolf, dókítà ará Jámánì kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, tí ó rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Síríà àti agbègbè rẹ̀ láti kó ewéko jọ. Ọ̀rọ̀ Látìnì ni vomitoria, èébì ni ó sì ń tọ́ka sí, nítorí pé ẹni tí ó bá mu omi gbòǹgbò igi náà lámujù a máa bì. Adam Afzelius, onímọ̀ ewéko ará Swídìn tí ó ṣiṣẹ́ ní Sẹ̀rà Léónè ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ni ó fún un ní orúkọ yìí.

Ìrísí àti ibi tí ó ń hù

Asofẹ́yẹjẹ lè jẹ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ga ju ènìyàn lọ púpọ̀, ó sì lè ga tó mítà mẹ́wàá níbi tí ilẹ̀ bá ti dára. Ewé rẹ̀ kì í hù ní méjì-méjì. Mẹ́ta sí márùn-ún ni ó máa ń yí ẹ̀ka ká ní ojú kan náà, èyí sì jẹ́ ọ̀nà kan tí a fi ń dá a mọ̀. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó sì funfun díẹ̀. Bí a bá já ewé rẹ̀ tàbí tí a ṣá ẹ̀ka rẹ̀, oje funfun a máa ṣẹ̀ jáde. Ó ń hù láti Senegal títí dé Sudan, àti sí ìhà gúúsù títí dé Àngólà àti Tanzania. Ní ilẹ̀ Yorùbá, a máa ń rí i ní etí igbó, ní oko tí a ti fi sílẹ̀ àti ní ibi tí wọ́n ti gé igi ńlá lulẹ̀.

Àìsùn àti àìbalẹ̀ ọkàn nínú ìṣègùn Yorùbá

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ìdààmú inú: àníyàn, ìrònú, ìbẹ̀rùbojo, àyà jíjá, àìfọkànbalẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ó ń fi ara sọ ohun tí ọkàn ń rí: àyà a já, orí a gbóná, ara a máa gbọ̀n. Àìróorunsùn wà lára àmì tí àwọn ẹbí fi ń fura pé nǹkan ń ṣe ẹni tiwọn, pàápàá nígbà tí ẹni náà bá ń rìn kiri lóru tàbí tí ó ń dá sọ̀rọ̀.

Oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kàn gbé oògùn oorun lé ènìyàn lọ́wọ́. Ó máa ń kọ́kọ́ wádìí ibi tí àìsùn náà ti wá. Ó lè jẹ́ àìsàn ara. Ó lè jẹ́ ọ̀fọ̀, gbèsè tàbí ìjà ìdílé. Ó sì lè jẹ́ ohun tí wọ́n gbà pé ó wá láti ọwọ́ ayé. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń pín wèrè sí ọ̀nà: wèrè ìran ni èyí tí ó wà nínú ẹbí, wèrè amútọ̀runwá ni èyí tí a bí mọ́ni, wèrè àfiṣe sì ni èyí tí wọ́n gbà pé ọ̀tá ni ó rán an. Ìtọ́jú tí aláìsàn yóò gbà dá lórí ohun tí ìwádìí bá fi hàn.

Oògùn náà kì í sì í dá ṣiṣẹ́. Ọ̀sanyìn ni òrìṣà tí ó ni ewé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ oògùn ni ó sì ní ọfọ̀ tirẹ̀. Pierre Verger, ará Faransé tí ó di babaláwo, kó àwọn àpòpọ̀ oògùn àti ọfọ̀ wọn jọ láti ẹnu àwọn babaláwo. Ó tẹ èyí tí ó lé ní 400 nínú wọn jáde nínú ìwé rẹ̀, Ewé, ní ọdún 1995. Ìwé náà fi hàn pé ewé, ọ̀rọ̀ àti ète ẹni tí ń ṣe oògùn jọ ń rìn pọ̀ ni.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó

Gbòǹgbò ni wọ́n ń lò jù lọ, pàápàá èèpo rẹ̀. Wọ́n a wú u, wọ́n a fọ̀ ọ́, wọ́n a sì sá a gbẹ. Bí wọ́n bá gún un kúnná, ó di àgúnmu tí a ń fi ẹ̀kọ gbígbóná tàbí omi mu. Bí wọ́n bá sè é tàbí tí wọ́n rẹ ẹ́, ó di àgbo. Àwọn mìíràn a máa rẹ ẹ́ sínú ọtí. Yàtọ̀ sí àìsùn àti wèrè, wọ́n tún ń lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ibà àti àwọn àrùn awọ ara.

Raymond Prince, dókítà àrùn ọpọlọ ará Kánádà, ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ní òpin àwọn ọdún 1950, ó sì ṣe àbẹ̀wò sí àwọn oníṣègùn tí ń tọ́jú wèrè. Ní ọdún 1960, ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà àrùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà lórí bí àwọn oníṣègùn Nàìjíríà ṣe ń lo asofẹ́yẹjẹ. Ní ọdún 1964, ó tún kọ àlàyé tí ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìtọ́jú ọpọlọ láàrin àwọn Yorùbá. Aláìsàn a máa gbé ní agboolé oníṣègùn fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù púpọ̀. Ìyá rẹ̀, àbúrò rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn nínú ẹbí a máa wà pẹ̀lú rẹ̀ láti dáná fún un àti láti máa wò ó. Oògùn tí ó le ni wọ́n ń lò ní ìbẹ̀rẹ̀, aláìsàn a sì máa sùn púpọ̀. Bí ó bá ti ń balẹ̀, wọ́n a dín oògùn kù, wọ́n a sì fún un ní iṣẹ́ ilé tàbí iṣẹ́ oko ṣe. Ètùtù ni wọ́n fi ń parí ìtọ́jú náà kí ó tó padà sílé.

Ohun kan wà nínú ìtọ́jú àtijọ́ yìí tí kò yẹ kí a fi bò: wọ́n máa ń fi ṣẹkẹṣẹkẹ de ọ̀pọ̀ aláìsàn kí wọ́n má baà sá lọ, ìyà sì jẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, tí ó rọ́pò òfin tí ó ti wà láti ìgbà ìjọba amúnisìn, fi ẹ̀tọ́ ẹni tí ń ṣàìsàn ọpọlọ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan náà wà níbẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì fún àlàyé yìí: ojú kò kúrò lára ẹni tí ń mu asofẹ́yẹjẹ. Oníṣègùn kò ní òṣùwọ̀n mílígíráàmù, ṣùgbọ́n ó ní ojú tí ó fi ń wo bí aláìsàn ṣe ń sùn, bí ó ṣe ń jẹun àti bí ó ṣe ń rìn, ó sì ń fi èyí pinnu iye tí yóò fún un ní ọjọ́ kejì.

Ilé ìwòsàn Arò

Ọdún 1954 ni wọ́n dá ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ Arò sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo sì ni ó darí rẹ̀. Lambo ṣètò pé kí aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ nínú àwọn abúlé tí ó yí Arò ká, kí ó sì máa wá gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ó tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra láti bá a ṣiṣẹ́, nítorí pé wọ́n mọ èdè, àṣà àti ẹ̀rù àwọn aláìsàn ju dókítà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ. Ètò náà di mímọ̀ káàkiri àgbáyé, Lambo fúnra rẹ̀ sì di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Bí reserpine ṣe di mímọ̀

Asofẹ́yẹjẹ ní ẹbí kan ní Íńdíà, Rauvolfia serpentina, tí wọ́n ń pè ní sarpagandha. Àwọn oníṣègùn ibẹ̀ náà ń lo gbòǹgbò rẹ̀ fún wèrè àti àìsùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun àti ilẹ̀ gbígbòòrò ni ó wà láàrin wọn àti àwọn oníṣègùn Yorùbá. Ní ọdún 1931, Gananath Sen àti Kartick Bose, àwọn dókítà ará Íńdíà, kọ̀wé pé ó wúlò fún wèrè àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní ọdún 1949, Rustom Jal Vakil, dókítà ọkàn ní Bombay, tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn dókítà òkèèrè sì bẹ̀rẹ̀ sí fiyè sí i.

Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Ciba, ní ìlú Basel ní Swítsálándì, yọ reserpine jáde láti inú gbòǹgbò náà. Ní ọdún 1954, Nathan Kline ròyìn bí ó ṣe lò ó fún àwọn aláìsàn ọpọlọ ní New York. Ní ọdún 1956, Robert Woodward àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Harvard ròyìn bí wọ́n ṣe ṣe é ní ilé ìwádìí láìlo gbòǹgbò rárá. Nígbà tí gbòǹgbò Íńdíà kò tó mọ́ fún àwọn tí ń béèrè rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ oògùn yíjú sí asofẹ́yẹjẹ ilẹ̀ Áfíríkà, pàápàá láti Kóńgò, nítorí pé reserpine pọ̀ nínú gbòǹgbò rẹ̀. Báyìí ni igi etí igbó ṣe di ọjà àgbáyé.

Àwọn èròjà mìíràn tún wà nínú rẹ̀. Ajmaline ń ṣiṣẹ́ lórí bí ọkàn ṣe ń lù. Alstonine ni Elaine Elisabetsky àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Porto Alegre, ní Bràsíl, ṣe ìwádìí lé lórí, nítorí pé ó wà nínú oògùn tí àwọn oníṣègùn Nàìjíríà ń lò fún àrùn ọpọlọ. Yohimbine, ní tirẹ̀, lè mú ọkàn sáré, ó sì lè dá àníyàn sílẹ̀. Èyí fi hàn pé ẹni tí ó mu omi gbòǹgbò náà kò mu reserpine nìkan; èròjà púpọ̀ ni ó mu pọ̀, gbogbo wọn kò sì fa ara sí ọ̀nà kan náà.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara

Iṣan ara máa ń fi àwọn èròjà kan ránṣẹ́ sí ara wọn. Serotonin, dopamine àti noradrenaline wà lára irú èròjà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó lọ jíṣẹ́, inú àwọn àpò kéékèèké ní ìpẹ̀kun iṣan ni wọ́n ń wà. Ohun tí reserpine ń ṣe ni pé ó ń dí ẹnu àwọn àpò wọ̀nyí, kí èròjà má lè wọlé. Èyí tí ó bá wà ní ìta, ara a sọ ọ́ dòfo, àpò a sì máa ṣófo díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ tí iṣan ń rán bá dín kù, ọkàn a lù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ a wálẹ̀, ìbẹ̀rù a rọ̀, oorun a sì kun ènìyàn.

Arvid Carlsson, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Swídìn, lo reserpine láti mọ iṣẹ́ tí dopamine ń ṣe. Ní ọdún 1957, ó fi hàn pé àwọn ẹranko tí reserpine ti sọ di aláìlèmira padà ta kébékébé nígbà tí ó fún wọn ní L-dopa, èròjà tí ara fi ń ṣe dopamine. Ìwádìí yìí ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ìtọ́jú àrùn Parkinson, Carlsson sì wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2000.

Ohun méjì ni ẹni tí ń lo asofẹ́yẹjẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nínú àlàyé yìí. Àkọ́kọ́, agbára reserpine kì í hàn tán ní alẹ́ àkọ́kọ́. Ó lè gba ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ kí ó tó dé góńgó. Èkejì, bí a bá dá a dúró, kò ní tètè kúrò lára, nítorí pé ara ní láti ṣe àpò tuntun. Nítorí náà, ẹni tí ó mu ún lónìí tí kò rí oorun sùn, tí ó sì sọ ìwọ̀n rẹ̀ di méjì lọ́la, ń kó gbèsè jọ tí ara yóò san nígbà tí ó bá yá. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ewu tí ó wà nínú rẹ̀

Ẹni tí ó bá mu reserpine lè rí imú dídí, ìgbẹ́ gbuuru, òòyì nígbà tí ó bá dìde, àlá burúkú àti oorun tí kò kúrò lójú ní ọ̀sán. Ó lè mú kí omi kíkan inú ikùn pọ̀, kí ó sì dá ọgbẹ́ inú sílẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ara lè máa gbọ̀n bíi ti ẹni tí ó ní àrùn Parkinson, ọkàn lè rọra lù ju bí ó ti yẹ lọ, ènìyàn sì lè dákú.

Èyí tí ó wuni lẹ́rù jù lọ ni ìsoríkọ́. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn dókítà kíyè sí i pé àwọn kan tí ń lo reserpine fún ẹ̀jẹ̀ ríru bẹ̀rẹ̀ sí banú jẹ́ láìnídìí, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń ronú láti pa ara wọn. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí èyí ṣe wọ́pọ̀ tó, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ náà kò kúrò lára oògùn yìí: a kì í fún ẹni tí ó ní ìsoríkọ́ tàbí tí ó ti ní i rí. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí kò rí oorun sùn gan-an, nítorí pé ìsoríkọ́ fúnra rẹ̀ máa ń fa àìsùn. Ẹni tí ó bá rò pé àníyàn lásán ni ó ń ṣe òun lè máa mu ohun tí yóò sọ ìbànújẹ́ rẹ̀ di ńlá.

Nítorí ewu wọ̀nyí, àti nítorí pé àwọn oògùn tuntun dé, àwọn dókítà kò fi bẹ́ẹ̀ lo reserpine mọ́.

Àgbo ọjà àti ọ̀rọ̀ ìwọ̀n

Ìwọ̀n reserpine tí dókítà ń fún ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà ju mílígíráàmù 0.25 lọ lójúmọ́. Hóró iyọ̀ mélòó kan ni yóò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ife tàbí ìkúnwọ́ kò lè wọn ohun tí ó kéré tó yìí. Iye reserpine tí ó wà nínú gbòǹgbò kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀, àsìkò àti ọjọ́ orí igi bá ti rí. Àgbo tí ó rọrùn fún ènìyàn ní oṣù tí ó kọjá lè le jù fún un ní oṣù yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ẹni kan náà ni ó ti rà á.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò dé agboolé oníṣègùn mọ́. Wọ́n ń ra èèpo lọ́wọ́ àwọn lẹ́kúlẹ́jà, tàbí kí wọ́n mu àgbo tí a ti pò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bí àgbo náà bá jẹ́ paraga, tí a fi ọtí ṣe, ọtí yóò fi kún oorun tí asofẹ́yẹjẹ ń mú wá, èyí sì léwu fún awakọ̀ àti fún ẹni tí ń lo ẹ̀rọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìbílẹ̀ nínú èyí kù díẹ̀ káàtó: gbòǹgbò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí, ẹbí tí ń ṣọ́ni àti oníṣègùn tí ń dín ìwọ̀n kù ti kúrò níbẹ̀.

Àjọ NAFDAC, tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, ni ó ń fún àwọn oògùn ìbílẹ̀ tí a dì sínú ìgò tàbí páálí ní nọ́ńbà. Ó yẹ kí olùlò ka àkọlé wọn dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kọ ọ́ sí lára pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olùṣe sọ pé oògùn náà ń wò wò. Nọ́ńbà nìkan kò túmọ̀ sí pé oògùn náà ti fi hàn pé ó ń wo àìsùn.

Àwọn tí kò yẹ kí ó lò ó

Kò yẹ kí aboyún, abiyamọ tí ń fún ọmọ lọ́mú àti ọmọdé lo asofẹ́yẹjẹ, nítorí pé reserpine ń kọjá sára ọmọ inú, ó sì ń wọ inú omi ọmú. Kò yẹ fún ẹni tí ó ní ìsoríkọ́, ọgbẹ́ inú tàbí àrùn Parkinson. Ẹni tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn ọkàn bíi digoxin, tàbí oògùn ìsoríkọ́ kò gbọdọ̀ fi kún un láìsọ fún dókítà, nítorí pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì tàbí kí ọkàn lù ségesège.

Ìdáàbòbò igi náà

Ẹni tí ó bá wú gbòǹgbò igi ti pa igi náà. Bí àwọn tí ń wá asofẹ́yẹjẹ ṣe ń pọ̀ sí i ni ó ń ṣọ̀wọ́n ní àwọn ibi tí ó ti wọ́pọ̀ rí. Àwọn oníṣègùn kan máa ń gé ìwọ̀nba gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n a sì fi erùpẹ̀ bo ìyókù. Gbígbìn rẹ̀ láti inú èso tàbí láti ara ẹ̀ka sì ṣeé ṣe.

Ìtọ́jú àìsùn lónìí

Àìsùn tí ó bá ń wáyé ní alẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọ̀sẹ̀ kan, tí ó sì ti tó oṣù mẹ́ta, ni àwọn dókítà ń pè ní àìsùn tí ó ti pẹ́. Ìtọ́jú tí wọ́n kọ́kọ́ ń dámọ̀ràn fún un kì í ṣe oògùn. Ìbánisọ̀rọ̀ àti ìyípadà ìṣe ni: dídìde ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, yíyẹra fún ọtí àti obì ní alẹ́, fífi ibùsùn sílẹ̀ nígbà tí oorun kò bá wá, àti wíwá ojútùú sí ìrònú tí kò jẹ́ kí ọkàn sinmi. Èyí kò jìnnà sí ohun tí oníṣègùn àtijọ́ ń ṣe nígbà tí ó bá béèrè ibi tí àìsùn ti wá kí ó tó nawọ́ sí gbòǹgbò.

Ẹni tí ó bá ti ń lo asofẹ́yẹjẹ yẹ kí ó sọ fún dókítà rẹ̀ láìtijú, kí ó mú ìgò tàbí èèpo náà dání, kí ó sì sọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí lò ó. Kí ó má ṣe fi í rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n kọ fún un. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, bí ọkàn rẹ̀ bá ń rọra lù jù, tàbí bí èrò ikú bá ń wá sí i lọ́kàn, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹbí rẹ̀ má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.